Bí Ẹ Ṣe Máa So Páìpù Kúlà Ọ́ìlì Gíà Mọ́ Píkọ́ọ̀pù Láì So Wọ́n Sódì

Páìpù méjì ló wà láàárín gíà ọtomátíìkì àti kúlà rẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ọ́ìlì gbígbóná jáde láti inú gíà lọ sí kúlà, èkejì ń gbé e padà lẹ́yìn tó bá ti tutù. Tí ẹ bá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò wọ́n, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ kankan: wọ́n fẹ̀ bákan náà, wọ́n dípẹtà bákan náà, nọ́ọ̀tì orí wọn sì jọra. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹni tó ń kánjú á so èyí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́ ihò tó bá sún mọ́ ọn jù, ọkọ̀ á ṣíná, á rìn, gbogbo rẹ̀ á sì dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kẹ́rù gun òkè ni gíà máa tó fi ohun tí wọ́n ṣe fún un hàn.

Nítorí náà, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ẹ má ṣe di nọ́ọ̀tì kankan títí ẹ ó fi mọ páìpù tó ń jáde àti èyí tó ń padà. Ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹnì kankan. Ẹ dán an wò, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Ìdí tí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà fi ṣe pàtàkì

Nínú gíà ọtomátíìkì, ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá nínú torque converter. Abẹ̀bẹ̀ kan ń fi ọ́ìlì lu abẹ̀bẹ̀ kejì láti yí i, ibẹ̀ sì ni ooru tó pọ̀ jù ti ń wá. Bí píkọ́ọ̀pù bá ń fa tírélà, tó ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tàbí tó há sínú ẹrẹ̀ tí táyà ń yí lójú kan, ooru náà á pọ̀ sí i kíákíá. Ọ́ìlì gíà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín nǹkan bíi 80°C sí 95°C. Tó bá ti ń kọjá 120°C, á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, á fi ìdọ̀tí aláwọ̀ igi sára fáàfù, rọ́bà tó ń dènà jíjò á le, àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀. Àwọn tó ń tún gíà ṣe máa ń sọ pé bí ooru bá fi nǹkan bí 11°C ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọjọ́ ayé ọ́ìlì á dín kù sí ìdajì. Òṣùwọ̀n ojú lásán ni, àmọ́ ohun tójú wọn ń rí lójoojúmọ́ ló ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ti páìpù tó ń padà. Nínú ọ̀pọ̀ gíà, ọ́ìlì tó ti kúlà dé kì í kàn já sínú páànù ìsàlẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ tààrà síbi tí eyín gíà àti àwọn bíárìn wà, òun ló ń mú kí wọ́n máa yọ̀ láì gbo ara wọn. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ooru nìkan kọ́ ni wàhálà. Irin á máa gbo irin ní gbígbẹ, eyín gíà á sì jẹ tán kí iná ìkìlọ̀ kankan tó tàn.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé kò sóhun tó ṣe tí ẹ bá pààrọ̀ páìpù méjèèjì, pé ọ́ìlì á ṣáà máa yí po. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọkọ̀ àtijọ́ tí kúlà rẹ̀ jẹ́ páìpù lásán nínú rẹ́díétọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ló ní ohun mìíràn lójú ọ̀nà. Àwọn Dodge Ram ìgbà kan ní fáàfù ọlọ́nà kan lára páìpù tó ń jáde, kí ọ́ìlì má bàa ṣàn kúrò nínú torque converter nígbà tí ọkọ̀ bá wà níkàlẹ̀. Àwọn píkọ́ọ̀pù tuntun ní fáàfù thermostat tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì lọ sí kúlà títí á fi gbóná dé ìwọ̀n kan. Ẹ so àwọn wọ̀nyẹn sódì, fáàfù ọlọ́nà kan á pa ẹnu dé pátápátá. Bí ẹ bá tún fi asẹ́, ìyẹn fílítà, sójú páìpù, òun náà ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kò pọ̀. Sípánà ẹlẹ́nu gbígbòòrò tó ń di nọ́ọ̀tì páìpù mú ní igun márùn-ún, kì í ṣe èyí tó ń di igun méjì nìkan mú. Sípánà kejì tí ẹ máa fi di ẹnu rẹ́díétọ̀ mú. Garawa mímọ́ tí ẹ lè fojú wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, họ́ọ̀sì kékeré méjì, jígí ojú, ìbọ̀wọ́, aṣọ tí kì í yọ òwú, ẹsẹ̀ irin tí ọkọ̀ máa jókòó lé lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e. Kí ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Ọ́ìlì gíà tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀: Dexron VI, Mercon LV, ATF+4 tàbí èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ síbẹ̀. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, ẹ má ṣe da ọ̀kan mọ́ èkejì nítorí pé àwọ̀ pupa wọn jọra.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru láti òkèèrè, ẹ mú un dání. Ó máa wúlò lópin iṣẹ́ gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń jáde

Àwọn àmì kan wà tó lè tọ́ yín sọ́nà. Lára gíà GM 4L60E, ihò ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà jáde, ti òkè ni ìpadà. Lára Ford E4OD àti 4R100, àti lára Chrysler 727 pẹ̀lú àwọn gíà tí wọ́n bí láti ara rẹ̀ bíi 47RE, ihò iwájú ni ìjáde, ti ẹ̀yìn ni ìpadà. Ó dáa kí ẹ mọ èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lè ti ní gíà mìíràn nínú, páìpù rẹ̀ sì lè ti gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá.

Ìdánwò garawa ni kò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ọ́ìlì gíà gbígbóná máa ń bó ara. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fa búréèkì ọwọ́. Ẹ tú páìpù méjèèjì kúrò lẹ́nu rẹ́díétọ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì kékeré sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki orí họ́ọ̀sì méjèèjì sínú garawa. Kí ẹnì kan jókòó síbi ìwakọ̀ kó fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì, kó ṣíná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, kó sì pa á nígbà tí ẹ bá ti pariwo.

Ẹ máa rí i. Páìpù kan á kọ́kọ́ pòfúrú, afẹ́fẹ́ á ti ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni okùn ọ́ìlì pupa kan á yọ jáde láì já. Ìyẹn ni ìjáde. Èkejì lè kán díẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tú. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ pupa wé páìpù ìjáde, kí ẹ wé tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ mìíràn mọ́ ìpadà, kí ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀ kí ọkàn yín tó lọ síbòmíràn.

Ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: gíà Chrysler àtijọ́ irú 727 kì í ti ọ́ìlì lọ sí kúlà nígbà tó bá wà ní Park. Tí ẹ bá ṣe ìdánwò yìí níbẹ̀ tí ohunkóhun ò jáde, ẹ má tíì sọ pé pọ́ǹpù ti kú. Neutral ni kí ẹ gbé e sí, ìdí nìyẹn tí dídí táyà kì í fi í ṣe ohun tí à ń fojú fò.

Bí ọ́ìlì ò bá jáde dáadáa, ìdánwò yìí náà ni ẹ máa fi mọ̀. Ó yẹ kí gíà tó dá ṣáṣá tú nǹkan bíi lítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì da iye tó jáde yẹn padà, ọ́ìlì tuntun ni kí ẹ fi dípò rẹ̀. Gíà tó bá ń ṣiṣẹ́ láìní ọ́ìlì tó tó lè bàjẹ́ níwájú yín.

Èwo ni ọ́ìlì máa kọ́kọ́ kàn

Bó bá jẹ́ kúlà inú rẹ́díétọ̀ nìkan lọkọ̀ yín ní, ìjáde lọ sí rẹ́díétọ̀, ìpadà kúrò ní rẹ́díétọ̀, ó parí. Tí ẹ bá ń fi kúlà kejì kún un, èyí tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí níwájú, ọ̀nà tó dára jù fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni pé kí ọ́ìlì kúrò nínú gíà, kó kọ́kọ́ gba inú rẹ́díétọ̀, kó wá bọ́ sínú kúlà iwájú, kó tó padà sínú gíà. Omi rẹ́díétọ̀ á gba ooru tó pọ̀ jù lára rẹ̀, kúlà iwájú á wá mú èyí tó kù. Ní àárọ̀ tútù, omi rẹ́díétọ̀ yẹn kan náà ló máa ń tètè mú ọ́ìlì gbóná, nítorí ọ́ìlì tó tutù jù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, ó máa ń ki, gíà á sì máa pẹ́ kó tó wọlé.

Èyí túmọ̀ sí pé páìpù tí ẹ máa gé tàbí tí ẹ máa tú láti fi kúlà iwájú sí i, ti ìpadà ni. Ìdí mìíràn nìyẹn tí tẹ́ẹ̀pù tí ẹ wé mọ́ páìpù ṣe pàtàkì.

Àwọn kan máa ń yọ rẹ́díétọ̀ kúrò nínú ọ̀nà ọ́ìlì pátápátá, wọ́n á fi kúlà iwájú nìkan ṣe é. Mi ò fọwọ́ sí i fún gbogbo ọkọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Kúlà tó wà nínú rẹ́díétọ̀ máa ń jẹrà. Bó bá lu, omi rẹ́díétọ̀ á wọ inú gíà, ọ́ìlì gíà á wọ inú omi, méjèèjì á di ohun funfun tó ki bí ẹ̀kọ. Ohun tó wà nínú omi rẹ́díétọ̀ máa ń tú gọ́ọ̀mù tó mú àwo kílọ́ọ̀ṣì, gíà kì í sì í sábà là á já. Àwọn Nissan Frontier, Xterra àti Pathfinder ọdún 2005 sí 2010 gbajúmọ̀ fún ìṣòro yìí débi pé ilé iṣẹ́ náà fi kún àkókò àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ (warranty) fún rẹ́díétọ̀ wọn. Bí rẹ́díétọ̀ yín bá ti gbó, pípààrọ̀ rẹ̀ kó tó lu sàn ju títún gíà ṣe lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ níbi tí òtútù ti ń mú gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yọ rẹ́díétọ̀ kúrò.

Ẹ gbé kúlà iwájú sí iwájú kọ̀ńdẹ́ńsà AC, kó má fara kan án, kí àlàfo díẹ̀ wà kí wọ́n má bàa máa gbo ara wọn. Irin tó lágbára ni kí ẹ fi dè é mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe rọ́bà tí wọ́n ń gún kọjá láàárín abẹ̀bẹ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kó o mọ́ páálí. Kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kọjú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, apá kan kúlà ni ọ́ìlì máa lò. Tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé nísàlẹ̀ kó jáde lókè.

Ẹnu ìsopọ̀

Ibí ni iṣẹ́ ti ń le, ibí náà ló sì yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Oríṣi ẹnu mẹ́rin lẹ lè bá pàdé lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni páìpù irin tí wọ́n fẹ orí rẹ̀ bí àrọ, tí nọ́ọ̀tì sì ń tì í wọnú ihò. Irin lórí irin ló ń dènà jíjò níbí, kò nílò tẹ́ẹ̀pù, kò nílò gọ́ọ̀mù. Ẹ nu ojú méjèèjì mọ́. Ẹ ki páìpù wọlé tààrà pẹ̀lú ọwọ́ kí ẹ tó mú nọ́ọ̀tì sún mọ́ ọn, kí ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà ní ìyípo mẹ́ta sí mẹ́rin. Bó bá ń le láti ìyípo àkọ́kọ́, ó ti wọ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi sípánà fipá mú nọ́ọ̀tì tó wọ́ á ba ihò ara rẹ́díétọ̀ jẹ́, ihò yẹn kì í sì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe.

Lẹ́nu rẹ́díétọ̀ yìí, sípánà méjì ni kí ẹ lò láìyẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan di ẹnu tó jáde lára rẹ́díétọ̀ mú kó má yí, ẹ fi èkejì di nọ́ọ̀tì páìpù. Ẹnu yẹn so mọ́ kúlà tó wà nínú rẹ́díétọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ irin tín-ínrín, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin, ló sì mú un. Bó bá yí pẹ̀lú sípánà yín, ìlẹ̀kẹ̀ náà á ya níbi tí ojú yín ò tó, omi àti ọ́ìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ba rẹ́díétọ̀ tuntun jẹ́ lọ́nà yìí kí ọkọ̀ tó kúrò níbi iṣẹ́.

Èkejì ni ẹnu oníhò tó ń tín-ínrín lọ sínú, tí wọ́n ń pè ní NPT, tó sábà máa ń wà lára gíà fúnra rẹ̀. Èyí nìkan ló nílò ohun ìdínà lára ìlà rẹ̀. Ẹ lo gọ́ọ̀mù olómi fún páìpù, kí ẹ má jẹ́ kó kan ìlà méjì àkọ́kọ́ kí ó má bàa wọnú gíà. Ẹ má lo tẹ́ẹ̀pù funfun. Ó máa ń já ní fọ́nrán tín-ínrín, fọ́nrán yẹn a sì lọ há sínú fáàfù gíà, tí ẹ ó máa wá ìdí tí gíà kejì ò fi wọlé káàkiri. Ara gíà jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì ń là. Ẹ fi ọwọ́ di í títí, kí ẹ fi sípánà fi nǹkan bí ìyípo kan àti ààbọ̀ sí méjì kún un.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu tí a kàn ń ti páìpù wọ̀ láìsí nọ́ọ̀tì (quick-connect), èyí tí páìpù ń wọlé tí ó sì ń dún “ta” nígbà tó bá dì. Ó wọ́pọ̀ lára píkọ́ọ̀pù GM. Wáyà tín-ínrín kan ló ń di páìpù mú, bọ́tìnnì rọ́bà líle kan sì ń bo wáyà náà. Ẹ fa bọ́tìnnì náà sẹ́yìn, kí ẹ fi ìkọ́ kékeré yọ wáyà láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má fẹ̀ ẹ́ síta ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì sàn kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun ju kí ẹ dá tàtijọ́ padà. Nígbà tí ẹ bá ń dá páìpù padà, ẹ fi ọ́ìlì gíà díẹ̀ pa á lórí, ẹ tì í wọlé tààrà, kí ẹ gbọ́ “ta”. Ẹ wá fà á sẹ́yìn gírígírí. Kò gbọdọ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti bọ́tìnnì padà sórí rẹ̀. Bọ́tìnnì yẹn ni ẹlẹ́rìí yín: bí kò bá jókòó pẹrẹsẹ mọ́ ẹnu ìsopọ̀, páìpù ò tíì wọlé tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́ ohùn. Páìpù tí kò wọlé tán lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó yọ lójú ọ̀nà, gbogbo ọ́ìlì gíà á sì dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni họ́ọ̀sì rọ́bà lórí páìpù irin. Mo fẹ́ sọ ọ́ ketekete: họ́ọ̀sì epo bẹntiróòlù ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, họ́ọ̀sì omi gbígbóná náà ò lè ṣe é. Ooru ọ́ìlì gíà á mú kí wọ́n wú, wọ́n á là, wọ́n á já. Ẹ wá họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ SAE J1532 sí lára, fún kúlà ọ́ìlì gíà ni wọ́n ṣe é. Kí fífẹ̀ inú rẹ̀ bá ti páìpù mu, èyí tó sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 5/16 tàbí 3/8.

Bó bá jẹ́ pé ẹ gé páìpù irin kí ẹ tó fi họ́ọ̀sì sí i, orí tó dán bọ̀rọ́ yẹn ò ní di họ́ọ̀sì mú. Ó gbọ́dọ̀ ní kókó tó yí i ká. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ orí páìpù fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí kókó náà á fi yọ, kí ẹ fi fáìlì nu etí rẹ̀ kó má bàa gé rọ́bà, kí ẹ sì fẹ́ eruku irin jáde nínú rẹ̀. Ẹ ti họ́ọ̀sì wọlé tó nǹkan bíi mìlímítà 25 kọjá kókó náà. Kílíìpù wá jókòó lẹ́yìn kókó, kì í ṣe lórí rẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́nu họ́ọ̀sì pátápátá. Irú kílíìpù tí etí rẹ̀ ká sókè, tí wọ́n ń lò fún epo alágbára, kì í gé họ́ọ̀sì. Ẹ dì í títí rọ́bà á fi yọ díẹ̀ sójú rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu tí wọ́n ń fi òrùka tẹ̀ mọ́ páìpù, irú èyí tó wà lára páìpù omi ilé, so páìpù irin méjì pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Gbígbọ̀n ọkọ̀ á yọ ọ́.

Ọ̀nà tí páìpù ń gbà

Ẹ́ńjìnnì àti gíà máa ń mì lórí rọ́bà wọn, rẹ́díétọ̀ kì í mì. Nítorí náà ibì kan láàárín méjèèjì gbọ́dọ̀ lè tẹ̀, yálà họ́ọ̀sì tàbí páìpù tí wọ́n fún ní àyè láti mì. Ẹ gbé páìpù jìnnà sí sáìlẹ́ńsà, sí abẹ̀bẹ̀ fáànù, sí ọ̀pá ìtọ́kọ̀, sí ibi tí táyà iwájú ń yí dé. Ẹ fi kílíìpù mú un mọ́ ara ẹ́ńjìnnì níbi tí ilé iṣẹ́ ti mú un tẹ́lẹ̀, kí rọ́bà sì wà láàárín kílíìpù àti páìpù, nítorí abẹ́ kílíìpù ni páìpù ti kọ́kọ́ ń dípẹtà. Ẹ yí họ́ọ̀sì ní ìyípo gbígbòòrò. Họ́ọ̀sì tó bá ká ti di ìdínà fún ọ́ìlì, bí ẹ sì ṣe dì í kò já mọ́ nǹkan kan.

Bí gíà àtijọ́ bá ti bàjẹ́

Ẹ má ṣe so gíà tuntun mọ́ kúlà tí gíà tó kú ti lò láì fọ̀ ọ́. Eruku kílọ́ọ̀ṣì àti irin wẹ́wẹ́ ti wà níbẹ̀. Kúlà oníhò gbọọrọ ṣeé fi ohun ìfọ̀ tó yẹ àti afẹ́fẹ́ díẹ̀ fọ̀, ẹ ti ẹnu ìpadà fẹ́ ẹ sí ẹnu ìjáde. Kúlà aláwo tí wọ́n tò léra wọn kì í sábà fọ̀ mọ́, ìdọ̀tí á há sínú rẹ̀, á sì tún jáde lọ́jọ́ mìíràn. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Fáàfù ọlọ́nà kan lára páìpù náà lè ti dí, ẹ yọ ọ́ wò. Ó tún dáa kí ẹ fi asẹ́ kékeré kan sójú páìpù ìpadà, kí ọfà ara rẹ̀ dojú kọ gíà.

Ẹ da ọ́ìlì sí i, kí ẹ dán an wò

Ẹ wọn iye ọ́ìlì tó dànù sínú garawa, kí ẹ da ìyẹn padà, kí ẹ sì rántí pé kúlà tuntun àti họ́ọ̀sì rẹ̀ máa gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣíná. Ẹ fi ẹsẹ̀ lé búréèkì, kí ẹ gbé gíà lọ sí ipò kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a padà sí Park. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò bí ìwé ọkọ̀ ṣe sọ: ọ̀pọ̀ ni a ń yẹ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí gíà sì ti gbóná, àwọn kan jẹ́ Neutral, àwọn tuntun kan ò sì ní ọ̀pá ìwọn rárá, páànù ìsàlẹ̀ ni a ti ń yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí ọ́ìlì bá wà ní ìwọ̀n ooru kan pàtó. Ẹ má dà á jù. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń hó, afẹ́fẹ́ á sì dà pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ nu gbogbo ẹnu ìsopọ̀ gbẹ, kí ẹ wá fi bébà funfun kan wọ́n lábẹ́. Bí bébà náà bá rin láìsí pé ẹ rí ìṣàn, ó ń jò. Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò lágbègbè fáànù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á tó nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọn ooru sí páìpù méjèèjì. Ó yẹ kí ìjáde gbóná, kí ìpadà gbóná díẹ̀ ṣùgbọ́n kó tutù jù ú lọ. Bí ìjáde bá gbóná janjan tí ìpadà sì tutù bí irin tó wà nílẹ̀, ọ́ìlì kò kọjá: fáàfù kan ti sé, họ́ọ̀sì ti ká, tàbí ẹ so wọ́n sódì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ padà síbi garawa. Lára ọkọ̀ tó ní thermostat, ẹ dúró títí ọ́ìlì á fi gbóná dáadáa kí ẹ tó ṣe ìdájọ́, nítorí kí fáàfù yẹn tó ṣí, bó ṣe máa rí nìyẹn.

Ẹ fi páálí kan sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, kí ẹ wò ó láàárọ̀ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò. Ẹ tún yẹ kílíìpù họ́ọ̀sì wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ ti ń wà á, torí rọ́bà tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì ti tutù nígbà mélòó kan, kílíìpù á sì fẹ́ ìdì kékeré sí i. Tẹ́ẹ̀pù tí ẹ wé mọ́ páìpù, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.